Kọ́tìnì Ìyá Bùkọ́lá Dé Houston

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Houston, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó ń wá kí mi nílé mi ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, ń bi mí: ṣé Amẹ́ríkà dára? Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó gbóná. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwàdà ni mo ń ṣe. N kò ṣe àwàdà. Ooru Houston dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ojú lé ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Mo wá pinnu láti kọ ìrìn-àjò náà sílẹ̀, kí ẹni tó bá tún bèèrè jókòó kà á, kí èmi náà rí àyè jókòó.

N kò ní sọ̀rọ̀ físà, n kò sì ní sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n á fún èèyàn ní oúnjẹ kékeré, wọ́n á sì ní kó máa sùn ní ìjókòó. Ohun tí mo gbé lọ ni mo fẹ́ sọ. Kọ́tìnì àdìrẹ ni mo gbé lọ. Ìyàwó mi, Ìyá Bùkọ́lá, ló rán wọn fún mọ́tò kan tí ọkọ ọmọ wa ń tún ṣe ní Houston. Fóònù ni ọkọ ọmọ náà fi fi ìwọ̀n fèrèsé ránṣẹ́. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, "Ọkùnrin ló wọn nǹkan yìí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ ni títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ràn láti máa tún ọ̀rọ̀ sọ.

Nígbà tó rán wọn tán, ó fọ̀ wọ́n, ó kọ́ wọn sójú fèrèsé pálọ̀ wa, ó ní kí aró wọn ṣí síbí ná, kó má lọ ṣí sára mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tó fi kú.

Bùkọ́lá nìkan ni Ọlọ́run fún wa. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, oyún rẹ̀ ti dàgbà, dókítà kò sì jẹ́ kó wọ ọkọ̀ òfurufú. Inú fóònù ló ti wo ìsìnkú. Nígbà tí a ti ibojì dé, ohun kan ṣoṣo tó bèèrè lọ́wọ́ mi ni pé, "Dádì, kọ́tìnì yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni." Mo ní mi ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ó lé lọ́dún kan kí n tó lè tú wọn kúrò lójú fèrèsé.

Ìdọ̀bálẹ̀

Dípọ̀, ọkọ Bùkọ́lá, ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú tó wà lápá Humble. Ẹnjiníà ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì ti pẹ́ ní Houston débi pé wákàtí ló fi ń wọn ọ̀nà. Tí o bá bi í pé báwo ni ibì kan ṣe jìnnà tó, á ní ó dọwọ́ ìgbà téèyàn bá gbéra.

Bó ti fojú kàn mí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín èrò. Kí n tó ya ẹnu, obìnrin ẹ̀ṣọ́ kan ti sáré dé, ó ti kúnlẹ̀ tì í, ó ń bi í bóyá ó ń gbọ́ òun. Dípọ̀ dá a lóhùn láti ilẹ̀ níbẹ̀ pé ara òun le. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn máa ń wí, kó má dìde, wọ́n ń gbé omi bọ̀. Èmi ní tèmi kò lè fi ọkọ ọmọ mi sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ láìsúre fún un. Mo ń súre, obìnrin náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fetí sí bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lù. Dípọ̀ ń ṣe àmín.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó dìde tó sì ṣàlàyé, obìnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá yíjú sí Dípọ̀.

"Ṣé ojoojúmọ́ lo máa ń ṣe é fún un?"

"Ìgbà tí mo bá rí wọn ni, mà."

"Orúnkún rẹ á lágbára nígbà náà," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìka méjì

Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni mo ti rí mọ́tò náà. Kọ́ḿbì ni. Àwọn tó bá dàgbà tó mi á rántí rẹ̀ dáadáa: olójú róbótó, onímú pẹlẹbẹ, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí. Nígbà èwe wa, òun ni wọ́n fi ń gbé búrẹ́dì, òun ni wọ́n fi ń gbé ọmọ ilé-ìwé, òun náà ni wọ́n fi ń gbé òkú. Ọ̀kan tó jẹ́ ti oníbúrẹ́dì ló gbé èmi àti Ìyá Bùkọ́lá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, nítorí pé èyí tí a háyà kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Òórùn búrẹ́dì kò tètè kúrò lára aṣọ ìyàwó. Mọ́tò búrẹ́dì ni Ìyá Bùkọ́lá sì ń pe kọ́ḿbì títí ayé rẹ̀.

Ti Dípọ̀ funfun lókè, ó pọ́n bí ọsàn nísàlẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti fi ibùsùn tó ṣeé ká síbi tí àwa máa ń to bẹ́ǹṣì sí. Sítóòfù wà nínú rẹ̀, ibi ìfọwọ́ wà, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé gbé sókè bí ìdérí àpótí. Dípọ̀ ní òun rà á nígbà tí igbó ti ń hù láàárín rẹ̀, Sátidé-Sátidé lòun sì fi tún un ṣe.

"Dádì, ẹ má bínú, kò ní AC."

"Tiwa náà kò ní," mo dá a lóhùn.

Bí a ṣe gun fíríwè, títì márosẹ̀ wọn, ni gbogbo mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fun fèrè sí wa. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹrù wa ń já bọ́. Mo wẹ̀yìn, n kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín sí wa. Ìyá àgbàlagbà kan juwọ́. Ọmọdébìnrin kan yọ fóònù, ó ya wá ní fọ́tò. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ọkọ̀ akẹ́rù sún mọ́ wa, ó na ìka méjì sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wojú mi.

"Dípọ̀," mo ní, "èèyàn méjì ló fẹ́ wọ̀. Sọ fún un pé a kì í gbé èrò."

Dípọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di ìdarí ọkọ̀ mú dáadáa. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìkíni àlàáfíà ni. Ó ní láyé ọjọ́un, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ dá irun gígùn sí, tí wọ́n sì kọ ogun, irú mọ́tò yìí ni wọ́n kùn ní òdòdó, tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi í rìn káàkiri láìṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ló ti di mọ́tò ìfẹ́ àti òmìnira. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ mọ̀ nínú fíìmù pé ìdílé kan máa jà ṣùgbọ́n wọ́n máa parí rẹ̀, inú irú mọ́tò yìí ni wọ́n á kó wọn sí. Òun ni wọ́n fi ń polówó tíì, òun ni wọ́n fi ń polówó báǹkì. Báǹkì tí kò jẹ́ yá àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn yẹn ní kọ́bọ̀ ló wá ń fi mọ́tò wọn pe oníbàárà báyìí.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí a fi dé Pearland. Mọ́tò kan náà ni. Wọ́n kó òmìnira sínú tiwọn. Àwa kó èrò méjìlá àti àgùntàn sínú tiwa, a sì ń sọ fún ẹni kẹtàlá pé kó wọlé, àyè wà.

Àna

Bùkọ́lá ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tí a wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó di mí lẹ́sẹ̀ mú, kò sì tètè dìde. Ọmọ rẹ̀, Yétúndé, tí a sọ lórúkọ lẹ́yìn tí ìyá àgbà rẹ̀ lọ, ti ń rìn. Ó dúró lẹ́yìn àga, ó wò mí, ó ní "Hi." Mo ní, "Ẹ kú ilé, mà."

N kò tíì mu omi tí Bùkọ́lá fi bèèrè.

"Dádì, ẹ mú un wá?"

"Mo mú un wá."

Ó ṣí báàgì, ó kó kọ́tìnì náà jáde, ó gbé wọn sórí ẹsẹ̀, kò tú wọn. Ó ní, "Kò tíì yá." Ó tún kó wọn padà.

Mo wo yíká ilé. Kọ́ḿbì wà lára ife tí wọ́n fi gbé tíì fún mi. Ó wà lára tówẹ̀lì, ó wà lára ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, agolo iyọ̀ jẹ́ kọ́ḿbì, ti ata náà jẹ́ kọ́ḿbì. Dípọ̀ ní òun kọ́ lòun rà wọ́n. Ó ní bí àwọn èèyàn ibẹ̀ bá ti mọ̀ pé o ní ọ̀kan, kò sẹ́ni tó tún ń bi ọ́ mọ́ pé kí lo fẹ́ lọ́jọ́ ìbí rẹ.

Inú gáráàjì ni mo ti rí páálí kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kọ́tìnì ló wà nínú rẹ̀, tuntun, alámì ìgun mẹ́rin-mẹ́rin, funfun àti àwọ̀ ọsàn. Dípọ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó ń họ orí. Ó ní àwọn oníkọ́ḿbì fẹ́ pàdé létí òkun ní Galveston lópin ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n á yẹ mọ́tò wò, wọ́n á sì fún èyí tó bá rí gẹ́lẹ́ bí ọjọ́ tó kúrò níléeṣẹ́ ní ẹ̀bùn. Ó ní gbogbo nǹkan ara ti òun ló pé, títí kan nọ́ọ̀tì kéékèèké. Nígbà tí Mọ́mì kú, òun rò pé ọ̀rọ̀ kọ́tìnì ti parí nìyẹn, lòun bá ní kí wọ́n fi irú ti iléeṣẹ́ ránṣẹ́.

Ẹni tó bá mọ ìwà àna á mọ ibi tí ìṣòro wà. Dípọ̀ kò lè sọ fún mi pé iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi kò ní wọ mọ́tò òun. Èmi náà kò lè pàṣẹ fún un lórí mọ́tò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí dìde. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò rí àyè bu yẹ̀pẹ̀ sí ibojì ìyá rẹ̀ wà nínú ilé, kọ́tìnì yẹn nìkan ló sì kù tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún un.

"Dádì, bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ la máa ṣe é."

"Bí ìwọ bá ṣe fẹ́ ẹ náà ló dára."

"Kò burú, sà."

"Kò burú náà ni."

A parí ìpàdé síbẹ̀. Kò sí ohun tí a fẹnu kò lé lórí. Bùkọ́lá ń gbọ́ wa láti kíṣìnnì.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú ìjíròrò o," ó ní. "Ẹ kó méjèèjì sínú mọ́tò. Tá a bá dé Galveston, we'll see."

Walter

Nígbà tí a kọjá League City ni afẹ́fẹ́ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí wa. Pápá kan ni wọ́n ti pàdé, kò jìnnà sí omi. Kọ́ḿbì ló tò lọ rẹrẹẹrẹ, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ sánmà, èyí tí ìpẹtà ti jẹ tí olówó rẹ̀ sì ń fi ìpẹtà náà yangàn. Àwọn èèyàn jókòó síwájú wọn lábẹ́ àbòrí, bí ẹni ń ṣọ́ ilé.

Ìwà wọn yà mí lẹ́nu. Ẹni tí o kò rí rí á ní kí o wá wo ibùsùn òun. Nílé wa, èèyàn lè bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́ dọjọ́ alẹ́ kó má mọ ibi tó ń sùn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ká ibùsùn sílẹ̀, wọ́n tún ká a sókè, mo sì ń sọ pé ó dára. Wọ́n bi mí lórúkọ. Akínlolú ni mo ń jẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bàbá Bùkọ́lá ni ìyàwó mi ń pè mí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà pè mí ní Akin, ó sì fọwọ́ gbá mi léjìká. Mo wo Dípọ̀. Dípọ̀ ń wo òkun.

Obìnrin àgbà kan, Darlene, ló gbé kọ́ḿbì tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ó pè mí wá jẹun, ó ní kí n mú ohunkóhun tó bá wù mí lórí tábìlì. Ẹran màlúù tí wọ́n fi èéfín yan fún ọ̀pọ̀ wákàtí wà níbẹ̀, ó dùn, n kò ní purọ́. Ẹ̀wà náà wà níbẹ̀. Ṣúgà ni wọ́n fi sè é. Mo jẹ ẹ́ nítorí pé mo jẹ́ àlejò. Agolo bísíkíìtì kan tí wọ́n ṣe bíi kọ́ḿbì wà létí tábìlì, mo sì rò pé bísíkíìtì kan á mú adùn ẹ̀wà náà kúrò lẹ́nu mi. Mo nawọ́ sí i.

"Kì í ṣe bísíkíìtì," Darlene sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Walter ni."

Mo bi í pé ta ni Walter.

"Ọkọ mi. Wọ́n sun ún, mo sì kó eérú rẹ̀ síbẹ̀. Ó fẹ́ràn agolo yẹn."

Mo gbé ọwọ́ mi padà. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí èmi náà ń ṣe tíṣà sá kúrò lórí mi, mo bá ní, "Ẹ kú ìrọ́jú." Ó ní kí ni ìyẹn. Mo ní bí a ṣe ń kí ẹni tó ń fara dà á nìyẹn.

"Ìyàwó tìrẹ ńkọ́, Akin?"

"Abẹ́òkúta ló wà."

Ó wò mí díẹ̀. "Nínú ilẹ̀?"

"Nínú ilẹ̀."

"O ò wá mú nǹkan kan rẹ̀ dání?"

"Mo mú kọ́tìnì."

Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ ohun tó mọ́gbọ́n dání, ó sì bu ẹ̀wà kún tèmi.

Ìṣẹ́tí

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ni Bùkọ́lá kó kọ́tìnì ìyá rẹ̀ jáde. Kò bèèrè lọ́wọ́ Dípọ̀, kò bèèrè lọ́wọ́ mi. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà lójú fèrèsé kọ́ḿbì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kọ́tìnì gbọ́dọ̀ gba inú méjèèjì. Ó ki ti òkè bọ̀ ọ́. Ó fà á wálẹ̀. Kò dé ti ìsàlẹ̀. Ó mú òmíràn, kò dé. Ó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ó bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò, kọ́tìnì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Èmi ni," Dípọ̀ ní. "Gíláàsì nìkan ni mo wọ̀n. Mi ò ka àyè irin mọ́ ọn. Bùkọ́lá, ó mà ṣe o."

"It's fine."

"Ká kó ti Mọ́mì sílé. Ilé náà ní fèrèsé."

"Mo ní it's fine, Dípọ̀. Gbé tìẹ wá."

Dípọ̀ kò gbé e wá. Ó dúró, ó mú páálí dání, ó ń wò mí bí ẹni pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mo gba ọ̀kan lára kọ́tìnì náà kí n lè rí ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe. Mo fọwọ́ pa etí rẹ̀. Ó nípọn. Ó nípọn ju bó ṣe yẹ kí etí kọ́tìnì nípọn lọ.

Kò sí ọmọ tí ìyàwó mi rán yunifọ́ọ̀mù fún tí kò mọ ìṣẹ́tí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń ṣẹ́ ẹ sínú, ọ̀kan lórí èkejì, á sì fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án lóréfèé, kó lè ṣeé tú. Bí ọmọ bá ga díẹ̀, a tú ọ̀kan. Bó bá tún ga, a tú ìkejì. Bùkọ́lá wọ gáùn ilé-ìwé kan ṣoṣo títí tó fi di ọmọge, ibi tí a ti ń tú u sì hàn nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ilà ojú. Ọkùnrin ló wọn nǹkan yìí, ohun tó sọ nìyẹn.

"Bùkọ́lá," mo ní, "yunifọ́ọ̀mù ni."

Ó gbójú sókè. Ó fọwọ́ pa etí èyí tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ah, Mọ́mì," bí ẹni ń bá ẹni tó wà nínú yàrá kejì sọ̀rọ̀.

Darlene yá wa ní sísọ́ọ̀sì kékeré. A jókòó sórí koríko, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, à ń tú ìṣẹ́tí. Dípọ̀ tú tirẹ̀ bí ẹni ń tú bọ́ǹbù. Òwú náà ń já ní kíákíá, bí Ìyá Bùkọ́lá ṣe fẹ́ kó máa já. Oòrùn Ìbarà ti mú ara àwọn kọ́tìnì náà ṣí, wọ́n ti di àwọ̀ sánmà. Ṣùgbọ́n ibi tó ti wà nínú ìṣẹ́tí jáde dúdú minimini, bí ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nínú ìkòkò aró. Bùkọ́lá fi àtàǹpàkò pa á lọ, ó pa á bọ̀. Kò sunkún. Nígbà tó ki irin ìsàlẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wọlé gẹ́lẹ́.

Ọkùnrin tó ń yẹ mọ́tò wò dé pẹ̀lú bírò àti àkẹtẹ̀. Ó yẹ ẹ́ńjìnnì, ó yẹ nọ́ọ̀tì, inú rẹ̀ ń dùn. Ó wá bẹ ojú wọ inú.

"Kọ́tìnì yìí kì í ṣe ti iléeṣẹ́."

Páálí náà ṣì wà lábẹ́ apá Dípọ̀. "Rárá, sà," ó ní. "Ti ìyá ìyàwó mi ni."

"Ṣé ìyá náà wà níbí?"

Dípọ̀ wò mí. Bùkọ́lá gbé Yétúndé sí ìbàdí rẹ̀ dáadáa, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà níbí. Ọkùnrin náà wo gbogbo wa, kò rí àgbàlagbà obìnrin kankan àfi Darlene, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó lọ.

A kò gba ẹ̀bùn. Mọ́tò tó gbà á mọ́ tónítóní. Bí mo ti rí i, ẹnikẹ́ni kò sùn nínú rẹ̀ rí. Dípọ̀ fún Darlene ní páálí rẹ̀. Ó ní kó máa fi rántí wa. Darlene ní Walter kò fẹ́ràn àwọ̀ ọsàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí a ṣe ń di ẹrù láti padà, Bùkọ́lá tún ń fọwọ́ pa etí kọ́tìnì.

"Dádì, ó ṣì ku ìṣẹ́tí kan nínú o. Ṣé ká tú u?"

Yétúndé di kọ́tìnì náà mú, ó fi ń dìde dúró lórí ibùsùn.

Mo ní kí Bùkọ́lá fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í tú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.